Ọkọ kú, wọ́n ní kí ẹ kó jáde: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹ̀tọ́ opó àti ọmọbìnrin nínú ogún

Ìgbà àkọ́kọ́ tí àbúrò ìyá mi jáde lọ sọ́jà lẹ́yìn ogójì ọjọ́ tó fi ṣe opó, kó tó padà délé, àgádágodo tuntun ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga rọ́bà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pariwo, kò bú u. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ìyàwó wa, má bínú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn." Ewédú tí Àǹtí mi rà wà nínú báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi rọ. Ọdún 22 ló ti ń gbé inú ilé yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ àwọn opó, tí mo sì ń bi àwọn agbẹjọ́rò léèrè ohun tí kò bá yé mi. Ìbéèrè kan náà ló máa ń padà wá, yálà ní Ìbàdàn ni o, ní Àkúrẹ́ ni o. Mo kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ síbí. Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin ni mí, mi ò sì ní bo èrò mi mọ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti dé ojú kóòtù, ẹ wá agbẹjọ́rò. Òfin Nàìjíríà ni mò ń sọ, àṣà ilẹ̀ Yorùbá ni mo sì fi ń wò ó.

Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ẹbí rẹ̀ ní kí n kó jáde. Ṣé wọ́n láṣẹ bẹ́ẹ̀?

Rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó jáde. Ikú ọkọ kò sọ ilé di ti àbúrò ọkọ. Bó bá jẹ́ pé ìgbéyàwó kóòtù lẹ ṣe, òfin ti ya ìpín tiyín sọ́tọ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ máa pín dúkìá náà tàbí kó máa tà á títí kóòtù yóò fi fún ẹnì kan ní ìwé àṣẹ. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀, àwọn ọmọ yín ló ni ilé bàbá wọn, ibi tí ọmọ bá sì wà ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Àṣà tí wọ́n ń fi lé yín, òun náà ló fún opó láyè láti máa gbé ilé ọkọ rẹ̀.

Tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn pa, ẹ fi fóònù ya àwòrán àgádágodo náà, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹ pe aládùúgbò méjì kí wọ́n fojú rí i, kí ẹ tó forí lé àgọ́ ọlọ́pàá. Tí wọ́n bá sì fún yín ní wákàtí kan péré láti wọlé kó ẹrù, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ kó: ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, ìwé báńkì, ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ ṣeé rà.

Àmọ́ ṣé kì í ṣe òótọ́ ni pé opó kì í jogún ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá?

Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí á parọ́ fún ara wa lórí ẹ̀. Lábẹ́ àṣà, ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ìyàwó kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ọkọ, nítorí náà kò sí nínú àwọn tí wọ́n ń pín ogún fún. Àwọn kóòtù wa ti ń sọ ọ́ láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, wọ́n sì ń tún un sọ. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Akinnubi, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú kò lè béèrè pé kí wọ́n fi òun ṣe alákòóso dúkìá rẹ̀, torí pé nínú àṣà yẹn, òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ẹbí ọkọ jogún.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Obìnrin tó bímọ, tó tà, tó rà, tó sùn sí ọsibítù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tí kò sẹ́lòmíì, òun ni wọ́n kà mọ́ àga àti bẹ́ẹ̀dì. Mo mọ̀ pé àwọn adájọ́ náà ń sọ bí àṣà ṣe rí ni, kì í ṣe pé wọ́n ń yìn ín. Síbẹ̀, orí ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ opó fẹ̀yìn tì.

Ohun tí wọn kì í sọ ni ìyókù àṣà náà. Àṣà yìí kan náà ní ohun ìní obìnrin ti obìnrin ni: owó ọjà rẹ̀, ilẹ̀ tó fi owó ara rẹ̀ rà, wúrà rẹ̀, kò di ti ọkọ nígbà tí ọkọ wà láàyè, ká má tíì sọ pé kó di ti ẹbí ọkọ nígbà tó kú. Àṣà yìí kan náà ló ní ẹbí ló ń bọ́ opó àti ọmọ òrukàn. Ẹni tó bá fẹ́ fi àṣà gba ilé, kó kọ́kọ́ fi àṣà san owó ilé ìwé àwọn ọmọ.

Ìgbéyàwó kóòtù, ti ìbílẹ̀ àti yìgì: kí ni ìyàtọ̀ wọn tó bá di ọ̀rọ̀ ogún?

Ìyàtọ̀ ńlá ni, ọ̀pọ̀ obìnrin kì í sì í mọ̀ títí ọ̀rọ̀ á fi bẹ́yìn yọ.

Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, tí ọkọ sì kú láìkọ ìwé ìhágún, òfin tó ń ṣètò dúkìá olóògbé ló ń ṣiṣẹ́. Ní Èkó, opó tó bá ní ọmọ fún ọkọ rẹ̀ ni ẹrù inú ilé tọ́ sí, ó sì tún ní ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ ló ni ìdá méjì yòókù. Òfin bẹ́ẹ̀ wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti ara Ìwọ̀ Oòrùn àtijọ́ náà.

Bó bá jẹ́ yìgì ni wọ́n so, tí ìdílé sì ń lo òfin Ìsìláàmù, Kùránì ti pín in: ìdá kan nínú mẹ́jọ fún ìyàwó bí ọkọ bá ní ọmọ, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá ní. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, ìdá yẹn náà ni gbogbo wọn máa jọ pín. Mo ti rí opó Mùsùlùmí tí ẹbí ọkọ gba ìdá kan nínú mẹ́jọ yìí mọ́ lọ́wọ́, tí wọ́n ní àṣà Yorùbá làwọn ń tẹ̀ lé, àwọn kan náà tí wọ́n pe ààfáà wá síbi àdúrà ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ààfáà yẹn gan-an níṣojú gbogbo wọn pé kí ni Kùránì pín fún opó. Ojú máa ń tì wọ́n.

Ti ìbílẹ̀ nìkan, ẹ ti rí i lókè bó ṣe rí.

Ṣọ́ọ̀ṣì la ti ṣe tiwa, a wọ aṣọ funfun, pásítọ̀ fún wa ní ìwé. Ṣé ìyẹn tó?

Ẹ lọ wo ìwé náà dáadáa. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ láti so ọkọ àti aya pọ̀ nìkan ni ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́ ti òfin, ẹ̀yin méjèèjì sì gbọ́dọ̀ ti lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́fíìsì rẹ́jísírì ṣáájú, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta fún ọjọ́ 21. Bí pásítọ̀ bá kàn gbàdúrà fún yín, tó fún yín ní ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ fúnra rẹ̀, ìbùkún lẹ gbà. Lójú òfin, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ ìdána lẹ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ yín bá wà láàyè, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ fi máa tún un ṣe.

Ọmọbìnrin ńkọ́? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní mo ti wà nílé ọkọ, mi ò ní ìpín nínú ilé bàbá wa.

Irọ́ ni wọ́n ń pa fún yín, ó sì dùn mí pé ó ṣì ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ ni ọmọ ń jẹ́. Láti 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole ní Èkó, ìyẹn ẹjọ́ lórí ilé ẹbí Olóyè Mabinuori, ni kóòtù ti sọ pé obìnrin ní ẹ̀tọ́ nínú ilé ẹbí bí ọkùnrin ṣe ní in, àti pé bí àkọ́bí ọkùnrin bá ti kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù, ìbáà ṣe obìnrin, lè di olórí ẹbí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún o. Ilé ọkọ tí obìnrin lọ kò pa orúkọ bàbá rẹ̀ rẹ́.

Níbòmíràn lórílẹ̀-èdè yìí, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọbìnrin Igbo kan ò ní ẹ̀tọ́ kankan lábẹ́ àṣà wọn. Lazarus Ukeje kú ní Èkó ní 1981, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Gladys, sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù nígbà tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ogún. Ó tó ọdún mélòó kan lé lọ́gbọ̀n kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó parí rẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Wọ́n ní àṣà tó bá sọ pé ọmọbìnrin ò lè jogún bàbá rẹ̀ ta ko abala 42 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà, èyí tó sọ pé a ò gbọ́dọ̀ fi bí wọ́n ṣe bí ènìyàn tàbí jíjẹ́ obìnrin du ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n dá ẹjọ́ opó kan ní Awka, ẹjọ́ Anekwe àti Nweke. Ẹbí ọkọ rẹ̀ ló ní kó kó jáde nílé torí pé kò bí ọmọkùnrin, obìnrin ni gbogbo ọmọ rẹ̀. Adájọ́ Clara Bata Ogunbiyi bẹnu àtẹ́ lu àṣà yẹn gidigidi, kóòtù sì dá opó náà láre.

Lójú tèmi, ìdájọ́ 2014 wọ̀nyí ni ó yẹ kí opó àti ọmọbìnrin Yorùbá máa gbé ka iwájú adájọ́. Bí òfin bá lè gba ọmọbìnrin tí àṣà rẹ̀ kò fún ní nǹkan kan, ti ọmọbìnrin tí àṣà rẹ̀ ti fún ní ẹ̀tọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́ kò yẹ kó tún jẹ́ ìjà.

Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá wa fẹ́. Ìdí igi ni àbí orí ò jorí?

Ìdí igi ni àṣà, bí ẹbí ò bá fẹnu kò sí nǹkan míì. Ìdí ìyá kọ̀ọ̀kan tó bí ọmọ á gba ìpín kan, bóyá ọmọ kan ló bí tàbí mẹ́jọ. Ẹjọ́ Suberu Dawodu, tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án, ló jà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó gbẹ̀yìn fún ẹjọ́ Nàìjíríà nígbà náà, wọ́n sì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1962 pé ìdí igi ni gbòǹgbò, pé orí ò jorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ìpín tó dọ́gba, jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè lò láti parí ìjà. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń pín in, síbẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ò gba nǹkan kan.

Èmi àti ọkọ mi la jọ kọ́lé, àmọ́ orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé.

Ibí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń yọ̀, èmi náà sì ti ronú nípa rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Obìnrin a máa ná owó sórí ohun tó ń tán. Òun ló ń ra oúnjẹ, òun ló ń san owó ilé ìwé, òun ló ń bọ́ àwọn bíríkìlà ní gbogbo oṣù tí iṣẹ́ fi ń lọ. Owó ọkọ ló ń ra bíríkì àti páànù. Bí ọdún mẹ́wàá bá kọjá, bíríkì ṣì wà nílẹ̀, ìrẹsì ti tán. Tí wọ́n bá wá dé kóòtù, adájọ́ á béèrè ohun tí obìnrin náà dá sí ilé. Kò sẹ́ni tó kọ rìsíìtì fún un lórí ẹ̀bà tó tẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Lójú mi, ìwà ìrẹ́jẹ ni kí òfin máa ka sìmẹ́ńtì, kó má ka oúnjẹ. Àwa tí à ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ títí yóò fi yí padà. Kó tó yí padà, ẹ̀rí ni kóòtù ń fẹ́.

Àǹtí mi ń ta ẹja gbígbẹ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́lé wọn, òun ló ra sìmẹ́ńtì ìpìlẹ̀, ó sì ní ìwà kan tí a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà: kì í da bébà nù. Inú agolo mílíìkì ńlá kan ló ń kó rìsíìtì sí, ó fi rọ́bà so wọ́n pọ̀, ó gbé agolo náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tí ẹbí pé jọ, ó da agolo yẹn sórí ẹní. Rìsíìtì 31, òmíràn ti pọ́n, òmíràn eku ti jẹ etí rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló wà lára 19 nínú wọn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ mú ọ̀kan, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á, ó sì gbé e padà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Yàrá náà dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nítorí náà: ẹ fi orúkọ yín sí ìwé ilẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, orúkọ méjèèjì. Bí ilẹ̀ bá ti ní ìwé tẹ́lẹ̀, agbẹjọ́rò lè ṣe ìwé míì tó máa fi yín kún un. Ẹ máa fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, kí ẹ kọ ohun tí owó náà wà fún. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Orúkọ mi ni ọkọ mi kọ sílẹ̀ ní báńkì pé èmi ni next of kin. Ṣé èmi ni mo ni owó náà?

Rárá, àṣìṣe yìí sì ti ba ayé ọ̀pọ̀ jẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ ni báńkì máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ajogún. Ohun kan náà ni bó bá jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ síbẹ̀: ẹ̀gbọ́n náà ò ní owó kankan nítorí ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dẹ́rù bà yín.

Báńkì ní kí n lọ gba ìwé ní kóòtù. Ìwé wo ni?

Ìwé àṣẹ láti ṣàkóso dúkìá olóògbé ni. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á. Ẹ máa mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti àkójọ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀. Wọ́n á béèrè onídùúró tó máa dúró fún yín, wọ́n á gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn, ẹ ó sì san owó tí wọ́n ń ṣírò lórí iye dúkìá náà. Ó máa ń pẹ́. Bí ọmọ tí kò tíì tó ọdún 18 bá wà nínú àwọn ajogún, alákòóso gbọ́dọ̀ tó méjì ó kéré tán.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn kì í sọ fún opó: bí ẹ bá fura pé àbúrò ọkọ fẹ́ lọ gba ìwé yìí lẹ́yìn yín, ẹ lè tètè lọ sí ọ́fíìsì kan náà, kí ẹ kọ ìwé ìdènà tí wọ́n ń pè ní caveat. Oṣù mẹ́ta ló fi ń ṣiṣẹ́, ẹ sì lè tún un kọ. Láàárín àkókò náà, wọn ò lè fún ẹnikẹ́ni níwèé láìjẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Lábẹ́ òfin pẹ́nṣọ̀n 2014, yàtọ̀ sí owó tó wà nínú àkáǹtì pẹ́nṣọ̀n rẹ̀, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún un, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan. Ọ̀pọ̀ opó ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ẹ béèrè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè lórí ìwé, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.

Wọ́n fẹ́ kí n fá orí, kí n jókòó sínú òkùnkùn, kí n sì fẹ́ àbúrò ọkọ mi. Ṣé mo lè kọ̀?

Ẹ lè kọ̀. Ṣíṣe ọ̀fọ̀ kì í ṣe ìyà. Bó bá wù yín láti wọ dúdú, bó bá tù yín lára láti wà nílé pẹ̀lú àwọn èèyàn yín, tàbí kí ẹ ṣe oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí Ìsìláàmù là sílẹ̀, ti ọkàn yín nìyẹn. Ohun tí ò tọ́ ni kí wọ́n fi tipá ṣe é, kí wọ́n máa wo opó bí ẹni tó pa ọkọ rẹ̀. Ní àwọn ibì kan lórílẹ̀-èdè yìí, wọ́n tilẹ̀ ń fún obìnrin ní omi tí wọ́n fi wẹ òkú mu, kó fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú mu rí.

Ní ti ṣíṣú opó, àwọn àgbà máa ń sọ pé wọ́n dá a sílẹ̀ kí opó má bàa rìn gbéregbère ni. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni nígbà yẹn. Àmọ́ nígbà yẹn náà, obìnrin láyè láti sọ pé òun ò fẹ́. Òfin VAPP ti ọdún 2015, tó ń dènà ìwà ipá sí ènìyàn, sọ ìwà ìkà sí opó di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè fa ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún méjì, ó sì ka gbígba ẹ̀tọ́ ogún mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ àwọn àṣà tó ń pani lára. Abuja ni òfin yẹn gan-an ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti ṣe tiwọn, Èkó sì ti ní òfin ìwà ipá inú ilé láti 2007.

Wọ́n ní ọmọ ti bàbá ni, pé àwọn ń kó àwọn ọmọ mi lọ.

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé 2003 sọ pé ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo. Àdéhùn Maputo, ìyẹn àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ obìnrin, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2004 tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé bí ọkọ bá kú, ìyá ni alágbàtọ́ ọmọ rẹ̀, àyàfi bí ìyẹn bá máa pa ọmọ lára. Bí wọ́n bá ti mú ọmọ lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀. Ọmọ tó bá ti lo ọdún méjì níbòmíràn, ó máa ń le láti dá a padà.

Ìlú òyìnbó la wà, ilé wa kan wà ní Abẹ́òkúta.

Ibi tí ilẹ̀ bá wà ni òfin rẹ̀ wà. Ìwé tí kóòtù ìlú òyìnbó fún yín kò lè fi ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn ní Abẹ́òkúta. Agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí kóòtù kí wọ́n tún fi èdìdì lù ú. Kí ẹ tó dé, ẹ ní kí ẹnì kan tẹ́ ẹ gbẹ́kẹ̀ lé máa wo ilé náà.

Ṣé kì í ṣe àṣà òyìnbó lẹ fẹ́ gbé wọ̀ wá lọ́rùn? Àwọn ìyá wa ò jà báyìí.

Wọ́n jà. Ní Abẹ́òkúta, ìjọba Ẹ̀gbá ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san án, ọmọkùnrin kì í san títí yóò fi pé 16, àwọn agbowó-orí sì máa ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó. Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà, àwọn aláṣọ òkè, oníràìsì, aláró, kóra jọ sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ní òpin 1947, wọ́n tú jáde lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún síwájú ààfin, wọ́n ń kọrin, wọ́n sùn síbẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1949, Aláké Ademola Kejì fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Ìyá kankan nínú wọn ò gba àṣẹ lọ́wọ́ òyìnbó. Ìjọba òyìnbó gan-an ni wọ́n ń bá jà.

Kí á tó dé ibẹ̀, Madam Tinúbú wà, Ẹfúnṣetán Aníwúrà Ìyálóde Ìbàdàn wà, àwọn obìnrin tí ọrọ̀ wọn jẹ́ tiwọn. Ẹni tó bá ní obìnrin Yorùbá ò ní dúkìá rí, kó wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe dé ipò tí wọ́n dé.

Ohun tó dà bí àjèjì lójú mi ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abuja. Ní oṣù Kẹta 2016, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọ àbádòfin ìdọ́gba tí ì bá ti ran opó lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹta 2022, wọ́n tún kọ àwọn àbádòfin míì lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, àwọn obìnrin sì lọ jókòó sẹ́nu géètì wọn.

Ọkọ mi wà láàyè, ara rẹ̀ le. Kí la lè ṣe báyìí?

Ìwé ìhágún. Ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kó buwọ́ lù ú níṣojú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹlẹ́rìí náà kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí wọ́n há nǹkan fún, tàbí ọkọ àti ìyàwó ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè tọ́jú rẹ̀ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ilé ẹbí tó ti wà láti ọ̀dọ̀ bàbá ńlá kò ṣeé há. Mùsùlùmí lè há tó ìdá kan nínú mẹ́ta fún ẹni tí kì í ṣe ajogún.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń sọ pé, "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?" Mo mọ ìyàwó kan tó dá a lóhùn pé, "Ẹ jẹ́ kí á jọ kọ tèmi ná." Ó kọ tirẹ̀, ó há ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Kò pé oṣù kan tí ọkọ náà fi kọ tiẹ̀.

Mi ò lówó agbẹjọ́rò.

Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin tí wọ́n ń pè ní FIDA ní ẹ̀ka káàkiri, wọ́n sì ń gba ẹjọ́ obìnrin àti ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́. Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní Èkó, ọ́fíìsì Public Defender wà, ilé ìlàjà ìjọba tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre sì máa ń pe ẹbí ọkọ wá síbi tábìlì láìgba kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé yín dání.

Ọkùnrin ni mí, mo wà nínú ẹbí tó fẹ́ lé opó. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àbúrò ni mo jẹ́, ta ni á gbọ́ tèmi?

Ẹ lọ bá àgbà tó ga ju ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Nínú ẹbí Yorùbá, ó máa ń wà, ó sì sábà máa ń jẹ́ obìnrin.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ Àǹtí mi nìyẹn. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kéré jù, ọmọ ilé ìwé gíga nígbà náà, wọ mọ́tò lọ sí abúlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ mú àǹtí bàbá wọn wá, ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyá náà ló ní kí ẹbí pé, níṣojú rẹ̀ ni wọ́n da agolo rìsíìtì sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn sọ̀rọ̀ tán, kò wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ sí àbúrò ọkọ tó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Mú kọ́kọ́rọ́ wá." Ó gbà á, kò fún Àǹtí mi. Ó fún ọmọ Àǹtí mi tó dàgbà jù, obìnrin ni, ọmọ ọdún 16. Ó ní, "Lọ ṣílẹ̀kùn fún ìyá rẹ."